Dúró-ná àti Máa-bọ̀ lórí Ọrùn Ilẹ̀

Ilẹ̀ kan wà tó dà bíi pé ìgbà tí amọ̀ fẹ́ tán lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí rẹ̀. Ilẹ̀ ńlá wà lápá òkè, ilẹ̀ ńlá wà lápá ìsàlẹ̀, ohun tó sì so àwọn méjèèjì pọ̀ kò ju ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ, òkun lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀sà lọ́wọ́ òsì. Bí èèyàn bá dúró láàárín rẹ̀ tó sọ òkúta sọ́tùn-ún, omi ni. Bó bá sọ ọ́ sósì, omi náà ni. Ọrùn ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Àwọn ará òkè gbà pé àwọn ni orí tí ọrùn náà gbé, àwọn ará ìsàlẹ̀ sì gbà pé àwọn ni orí, wọn ò sì tíì rí ẹni tó gbà láti jẹ́ ara.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló gba orí Ọrùn kọjá, ọkọ̀ kan ṣoṣo ni ọ̀nà náà sì lè gbà lẹ́ẹ̀kan. Ó tún wá tẹ̀ láàárín bí ìgbọ̀nwọ́, tó fi jẹ́ pé ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun kan kò lè rí ẹni tó ń bọ̀ láti ìkejì. Kánsù ti ṣèlérí pé àwọn máa fẹ ọ̀nà náà. Wọ́n ṣe ìlérí yìí tọkàntọkàn, wọ́n sì ṣe é léraléra, kò sí alága tó wọlé tí kò tún un ṣe. Ní báyìí ná, wọ́n ní àwọn máa fi èèyàn méjì síbẹ̀ fúngbà díẹ̀, ẹnì kan ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa fi àsíá darí ọkọ̀: pupa, kó dúró, àwọ̀ ewé, kó máa bọ̀. Ìgbà díẹ̀ náà pẹ́ débi pé àwọn ọmọ tí wọ́n bí nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ti ń wa ọkọ̀ gba ibẹ̀ kọjá.

Obìnrin tó dúró ní ìpẹ̀kun òkè ni àwọn awakọ̀ ń pè ní Dúró-ná. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ sì máa ń rí bíi ti ẹni tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀ tí wọn ò tọrọ àforíjì. Kó tó di alásìá, òun ló ń bójú tó ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ń sùn ní ilé ẹ̀kọ́ kan. Níbẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú kí èèyàn tẹ́ ibùsùn, kí wọ́n tún tú u, kí wọ́n sì tún un tẹ́. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, tí ilé ẹ̀kọ́ náà sì kógbá wọlé, ó rí iṣẹ́ àsíá yìí, inú rẹ̀ sì dùn ju bó ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ lọ. Kò sí ohun tó tẹ́ ẹ lọ́rùn bíi kí èèyàn dúró síbi tí òun bá ní kó dúró sí.

Kánsù kan ahéré pákó kan fún un. Ìṣó tí wọ́n fi kàn án ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ tán, nítorí iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í ṣeré. Àga kan wà níbẹ̀ tó ń mì, pẹ̀lú ìgò omi gbígbóná kan àti dígí kékeré. Wọ́n tún ń lẹ àwòrán Alága kánsù tó bá wà lórí oyè mọ́ ògiri fún un, kí ó lè máa wò ó, kí orí rẹ̀ máa wú. Dúró-ná mọyì àwòrán náà gan-an, ojú ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ló fi dí.

Ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun ìsàlẹ̀ ni àwọn awakọ̀ ń pè ní Máa-bọ̀. Ó kúrú, ó sanra, ó máa ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀, ó sì jẹ́ àbúrò Dúró-ná, ọmọ ìyá kan, ọmọ bàbá kan. Ẹni tó bá ń gbọ́ èyí fún ìgbà àkọ́kọ́ á ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n lókè, àbúrò nísàlẹ̀, ọ̀nà kan láàárín. Àfi kí onítọ̀hún ní sùúrù díẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Dúró-ná ni ìyá wọn ń gbé tẹ́lẹ̀. Ó ń jẹun lásìkò tí ọmọ rẹ̀ bá ní kó jẹun, ó ń sùn lásìkò tí ọmọ rẹ̀ bá ní kó sùn, ó sì ń wọ ìbọ̀sẹ̀ nínú oòrùn. Lọ́jọ́ kan, àbúrò dé láti apá ìsàlẹ̀ níbi tí ọkọ rẹ̀ ti ń kan ọkọ̀ ojú omi, ó ní òun fẹ́ mú Màmá lọ sinmi díẹ̀ lọ́dọ̀ òun. Màmá tẹ̀ lé e lọ, kò sì padà mọ́. Nígbà tí ìròyìn máa fi kan Dúró-ná, wọ́n ti wẹ òkú, wọ́n ti tẹ́ ẹ sórí ibùsùn, wọ́n sì ti mú ibi tí wọ́n máa sin ín sí. Kò sẹ́ni tó ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé ara Màmá kò yá. Ó dúró títí wọ́n fi da erùpẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà ló wá sọ lójú gbogbo èèyàn pé kí ẹni tó jí ìyá òun gbé má ṣe pe òun ní ẹ̀gbọ́n mọ́. Ó gba orí Ọrùn padà sílé, kò sì tún fẹsẹ̀ kan apá ìsàlẹ̀ mọ́.

Ó wá di pé kánsù ń wá ẹni méjì tó máa di àsíá mú. Ọ́fíìsì tó wà lókè gba ẹnì kan, èyí tó wà nísàlẹ̀ gba ẹnì kan, àwọn ọ́fíìsì méjèèjì ò sì bára wọn sọ̀rọ̀, bí wọn kì í ti í bára wọn sọ̀rọ̀ lórí ohunkóhun. Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, Dúró-ná tan rédíò kékeré tí wọ́n fún un, ó ní ta ló wà lọ́hùn-ún. Ohùn àbúrò rẹ̀ ló dáhùn, ó ní, "Èmi ni." Kò tún sí ohun tí ẹnikẹ́ni ní láti ṣàlàyé.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ ló máa dà bíi pé òun ló jẹ̀bi. Nítorí náà, àwọn méjèèjì dúró pa, ọdún sì ń gorí ọdún. Iye ọkọ̀ tó ń bọ̀ àti àwọ̀ èyí tó kẹ́yìn nìkan ni wọ́n ń bára wọn sọ. Àmọ́ ọmọ ìyá ni ọmọ ìyá, wọ́n mọ ibi tó ń dun ara wọn. Lọ́jọ́ kan, Dúró-ná gbé rédíò sẹ́nu.

"Mo ń rán mẹ́ta bọ̀. Èyí tó kẹ́yìn gbé ìyá àgbàlagbà kan dání. Wọ́n jẹ́ kó dágbére fún àwọn ará ilé rẹ̀ kó tó kúrò."

"Mo gbọ́," ni Máa-bọ̀ dáhùn. "Ó jọ pé inú rẹ̀ dùn láti kúrò níbẹ̀."

Irú ọ̀rọ̀ báyìí ni wọ́n ń fi bá ara wọn ṣeré. Àwọn awakọ̀ tó ń gbọ́ ọ máa ń sọ pé ó dára bí iṣẹ́ kánsù ṣe ń lọ déédéé.

Ìgbà yẹn ni Alága tó wà lórí oyè lọ́wọ́ gbèrò láti lọ sọ̀rọ̀ lápá ìsàlẹ̀. Ìṣọ̀kan ni ọ̀rọ̀ náà dá lé: bí Ọrùn ṣe so gbogbo wa pọ̀, tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni máa bá ẹnikẹ́ni du ọ̀nà. Alága yìí ní gbólóhùn kan tó fi wọlé ìbò, "Iwájú Nìkan," wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ jíìpù rẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì. Àwọn ọkọ̀ ọmọ ẹ̀yìn tẹ̀ lé e. Ìgbà tó máa dé ìpẹ̀kun òkè, oòrùn ọ̀sán ti mú, àsíá pupa sì wà lókè, nítorí Máa-bọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ lórí rédíò pé òun ti rán ọ̀kan bọ̀, Baba Ẹlẹ́ja ni.

Ọ̀gbẹ́ni kan tó jókòó síwájú jíìpù sọ gíláàsì kalẹ̀, ó bi Dúró-ná bóyá ó mọ ẹni tó wà lẹ́yìn òun. Ó dáhùn pé òun mọ̀ ọ́n dáadáa, pé àwòrán rẹ̀ ló ń bá òun dí afẹ́fẹ́. Inú ọ̀gbẹ́ni náà kò dùn. Ó ní kí awakọ̀ máa lọ. Jíìpù náà yà bàrà, ó tẹ agolo tí Dúró-ná fi dínà pẹlẹbẹ, ó sì wọ orí Ọrùn lọ. Kí èyí tó tẹ̀ lé e tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, Dúró-ná ti dúró sí àárín ọ̀nà, ó na ọwọ́ méjèèjì. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn wo ojú rẹ̀, wọ́n sì pa ẹ́ńjìnnì.

Ó pe ìsàlẹ̀. "Alága ti wọlé. Kò gbàṣẹ."

"Baba Ẹlẹ́ja náà ti wọlé. Òun gbàṣẹ."

Àwọn méjèèjì ń tẹ́tí. Kò pẹ́ tí ìró fèrè ọkọ̀ fi dún láti ibi ìgbọ̀nwọ́ náà, fèrè ńlá kan àti èyí tó dà bí ìgbà tí ewúrẹ́ ń wúkọ́.

Òfin kánsù ni pé bí ọkọ̀ bá pàdé láàárín, àwọn alásìá ni kó lọ yanjú rẹ̀. Dúró-ná so ẹ̀wù àwọ̀lékè rẹ̀ dáadáa, ó mú àsíá méjèèjì, ó sì ń fẹsẹ̀ rìn lọ, omi ń kígbe lọ́tùn-ún, omi ń dákẹ́ lósì. Nígbà tó yọ síbi ọ̀nà tẹ̀ sí, ó rí jíìpù, ó rí ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tó dojú kọ ọ́, imú kan imú. Lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù náà ló ti rí obìnrin kan tó ń bọ̀. Obìnrin náà ń gbé èjìká ọ̀tún sókè díẹ̀ bó ṣe ń rìn, àyà Dúró-ná sì já, torí bí ìyá wọn ṣe ń rìn nìyẹn. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó rántí pé àbúrò òun ni. Àbúrò ti dàgbà. Irun funfun ti yọ létí ìborí rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí," ni Máa-bọ̀ sọ.

Dúró-ná wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Bàtà yẹn ò dáa fún ọ̀nà olókùúta." Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá ọmọ ìyá rẹ̀ sọ lójúkojú láti ọjọ́ ìsìnkú nìyẹn, ó sì gbà pé ó ṣe dáadáa.

Wọ́n kọ́kọ́ lọ bá Alága. Alága ṣàlàyé fún wọn pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ara òun rárá, pé tó bá jẹ́ ti ara òun ni, òun ì bá ti padà tipẹ́. Ọ̀rọ̀ gbogbo ará ìlú ni. Ẹni tí wọ́n dìbò fún nítorí iwájú, báwo ni wọ́n ṣe máa rí i tó ń fẹ̀yìn rìn? Oníwèé ìròyìn wà nínú àwọn ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Wọ́n wá lọ bá Baba Ẹlẹ́ja, ọkùnrin kékeré kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ wúwo ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ó ti fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sápò, ó ń jẹ búrẹ́dì. Ó ní wọ́n na àsíá àwọ̀ ewé sí òun, gbogbo ayé rí i. Bí àwọ̀ ewé bá ti wá di pupa láàárín ọ̀nà nítorí ẹnì kan, kí wọ́n kúkú sọ fún òun kí òun má jáde nílé mọ́. Ó fi ẹnu búrẹ́dì tọ́ka sí jíìpù, ó ní òun ti gbọ́ pé iwájú nìkan ni, òun náà sì fara mọ́ ọn.

Alága fẹ́ fi fóònù pe ẹni tó máa bá a gbé ọkọ̀ akẹ́rù náà jù sómi, àmọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dé orí Ọrùn. Ó ti ṣèlérí pé òun máa mú un débẹ̀.

Bí àwọn ọkùnrin méjèèjì ṣe ń ronú lórí iyì wọn, kò sí ohun tó kù fún àwọn obìnrin ju pé kí wọ́n jókòó lọ. Wọ́n jókòó sórí òkúta etí ọ̀nà, ojú wọn sí òkun. Òkun ń kún. Ìgbì kan fọ́n omi kan táyà jíìpù, ó sì padà lọ mú òmíràn wá.

"Àǹtí, mo fẹ́ sọ nǹkan kan," ni Máa-bọ̀ wí. "Kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí rédíò."

Dúró-ná ní kó sọ ọ́.

"Mo fẹ́ pè yín nígbà tí ara Màmá ò yá. Mo ti di fóònù mú. Màmá ló gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní, 'Má pè é. Tó bá dé báyìí, ó máa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kú.'"

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí Dúró-ná lọ́kàn ni ìbínú, nítorí ìbínú ló máa ń wà nítòsí rẹ̀ jù. Ó fẹ́ sọ pé irọ́ ni. Àmọ́ ó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, ó gbọ́ ọ bí ẹni tó jókòó tì í, ó sì mọ̀ pé àbúrò òun kò ní irú ẹnu bẹ́ẹ̀ láti fi pa irọ́. Ó rántí àwọn ìbọ̀sẹ̀. Ó rántí bí Màmá ṣe gbé àpò rẹ̀ lọ́jọ́ tó ń lọ, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a gbé e, tó ń yára bí ọmọ tí wọ́n dá sílẹ̀ nílé ẹ̀kọ́.

"Kí ni wọ́n tún sọ?"

"Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ sọ fún yín pé àwọn sọ bẹ́ẹ̀."

"O sì wá sọ ọ́."

"Ó ti rẹ̀ mí láti máa dá a gbé, Àǹtí."

Dúró-ná rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gba imú jáde, kò sì mọ bó ṣe máa dúró, ó wá di ẹkún lójú ara rẹ̀. Ó wá ohun tó máa fi nu ojú, àsíá àwọ̀ ewé ló bọ́ sí i lọ́wọ́, ó fi nu ojú, ó sì fi fun ikun.

"Ǹ bá kọ́ wọn lóòótọ́," ló sọ nígbà tí ohùn rẹ̀ padà.

"Mo mọ̀," ni àbúrò rẹ̀ dáhùn.

Alága jáde láti wo táyà rẹ̀, ìgbì bá a níbẹ̀, ó sì tètè padà wọlé. Máa-bọ̀ fọwọ́ bo ẹnu. Ó ní, ká ní ojú kò ti àwọn èèyàn wọ̀nyí ni, wọn ì bá kàn pààrọ̀ ọkọ̀, kí Alága gun ti ẹja, kí ẹja gun ti Alága, kí oníkálùkù sì máa bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Yẹ̀yẹ́ ló fi ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti dìde dúró.

Dúró-ná lọ bá Alága, ó ní kò sẹ́ni tó ní kó padà. Jíìpù ni yóò padà, Alága fúnra rẹ̀ á máa tẹ̀ síwájú nínú ọkọ̀ mìíràn. Ó wá lọ bá Baba Ẹlẹ́ja, ó ní kò sẹ́ni tó ní kó padà, èrò ni yóò gbé, èèyàn pàtàkì sì ni èrò náà, ẹja rẹ̀ á sì máa lọ síbi tó ń lọ láìdúró. Àwọn ọkùnrin méjèèjì ronú sí i. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lọ́tùn-ún, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lósì, kò sì síbi tó ti kan iyì wọn. Omi yìnyín ti ń kán sílẹ̀ lábẹ́ ẹja, omi òkun sì ti ń wá bàtà Alága. Wọ́n gbà.

Wọ́n kó agbọ̀n ẹja sórí àga aláwọ jíìpù. Dúró-ná ló ń tò wọ́n, àwọn ńlá lẹ́yìn, àwọn kéékèèké níwájú, ó sì ní kí wọ́n tú ìlà kan, kí wọ́n tún un tò, nítorí kò gún. Awakọ̀ fi ẹ̀yìn wa jíìpù gbé ẹja lọ sókè. Alága gun ọkọ̀ akẹ́rù, ó jókòó ti Baba Ẹlẹ́ja, búrẹ́dì wà láàárín wọn. Baba Ẹlẹ́ja wá fi ẹ̀yìn wa ọkọ̀ náà lọ títí dé ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Alága ṣe dé ibi ọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan: ó kẹ́yìn sí àwọn tó wá kí i káàbọ̀, ó kọjú sí ibi tó ti ń bọ̀. Àwọn tó gbé fèrè dání rò pé ẹja tí wọ́n máa sè fún àlejò ló dé, wọn ò fun ún. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ó sọ ọ́ dáadáa, ó ní ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ yìí ti sọ gbogbo wa di ọ̀kan. Àwọn tó jókòó síwájú jù ń fa àga wọn sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀.

Orí rédíò ni Máa-bọ̀ ti ròyìn gbogbo èyí. Kò ròyìn rẹ̀ tán lọ́jọ́ yẹn, ó ṣì ń rí i rò títí di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àsíá pupa sì wà lókè ní ìpẹ̀kun méjèèjì títí apá ìròyìn kọ̀ọ̀kan á fi parí. Àwọn awakọ̀ wá ń sọ pé àsìkò tí àwọn obìnrin yìí ń bára wọn jà gan-an ni ọ̀nà dùn.

Kánsù bínú. Wọ́n ní àwọn méjèèjì ti tàbùkù ìjọba, wọ́n dá wọn dúró, wọ́n sì ri òpó iná adarí ọkọ̀ mọ́lẹ̀ ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan. Iná náà dára. Àmọ́ nígbà tí iyọ̀ wọ inú wáyà rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tan àwọ̀ ewé lókè àti nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó fẹ́ràn gbogbo èèyàn. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti forí gbárí tó, wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn obìnrin náà padà, fúngbà díẹ̀.

Kí wọ́n tó pè wọ́n ni Dúró-ná rí àyè. Ó wọ bàtà tó dáa fún ọ̀nà olókùúta, ó fẹsẹ̀ rin Ọrùn já, ó sì bọ́ sí apá ìsàlẹ̀. Àbúrò rẹ̀ mú un lọ síbi tí wọ́n sin Màmá sí, lẹ́yìn ilé níbi tí ọkọ rẹ̀ ti ń kan ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n ti ro ó, wọ́n ti gbá a, wọ́n fi òkúta funfun yí i ká. Dúró-ná wo gbogbo rẹ̀ yíká, kò rí ohun tó kù láti tún ṣe, èyí sì dùn ún ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé òkúta kan tó wà lápá orí, ó sún un díẹ̀ sápá òsì, ó ní ibẹ̀ ló yẹ kó wà.

Máa-bọ̀ jẹ́ kó sún un. Lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti lọ, ó dá òkúta náà padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Dúró-ná máa ń lọ síbẹ̀ dáadáa báyìí, ìgbàkigbà tó bá sì dé ló máa ń bá òkúta náà níbi tí kò yẹ kó wà, tó sì máa ń sún un. Wọ́n ti bára wọn sọ̀rọ̀ lórí ohun gbogbo. Wọn ò tíì sọ̀rọ̀ lórí òkúta yẹn.